ỌWỌ́ ÀTI ỌRÙN GÌTÁ: BÍ A TI Í YAN GÌTÁ ONÍNÁ TÍ YÓÒ BÁ ỌWỌ́ MU

   

ÌFÁÀRÀ

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan láàrin yín ti máa bi ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọrùn gìtá. Ìdí mẹ́ta ni mo ní, n ó sì sọ wọ́n ní ṣókí.

Èkíní ni pé ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ewì alohùn Yorùbá kò lè sá fún ohun èlò orin. Ìlù ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa pé ohun tí kò ní ẹnu lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí gìtá oníná mọ̀nàmọ́ná wọ inú orin jùjú, òun náà kọ́ bí a ti í pe olórin àti bí a ti í dá a lóhùn. Ó tilẹ̀ kọ́ bí a ti í tẹ̀ lé òkè-sódò ohùn ọ̀rọ̀ wa.

Èkejì ni pé èdè tí àwọn tí ń ṣe gìtá fi ń ṣàpèjúwe ọrùn rẹ̀ kún fún àfiwé. Wọ́n ní gìtá ní orí, ó ní ọrùn, ó ní èjìká, ó ní ìbàdí, ó sì ní gìgísẹ̀. Èyí jẹ́ ìfohunpènìyàn pọ́ńbélé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún mú lẹ́tà alífábẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ń pe ìrísí ọrùn náà. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ohun tí irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ń sọ, kí a sì mọ ohun tí ó ń fi pamọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó máa ń fi gìtá sílẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, tí wọn yóò sì lọ gbà pé Olódùmarè kò fún àwọn ní ẹ̀bùn orin. Bí a bá wádìí rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni kò sí ní ti àwọn kan nínú wọn. Ọrùn gìtá tí a fún wọn ni ó ń bá ọwọ́ wọn jà. Ẹlòmíràn sì wà tí kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi ọdún púpọ̀ lu ohun tí kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu, títí tí ọwọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ọwọ́ ni olórin fi ń jẹun. Bí ọwọ́ bá bàjẹ́, oúnjẹ bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí kò ju èyí lọ: lẹ́tà tí a kọ sí ara ọrùn kò tó láti fi yan gìtá, ọwọ́ ẹni tí yóò lu ú ni adájọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè dá ẹjọ́ náà dáadáa àfi bí a bá kọ́ ọ ní ìbéèrè tí yóò máa bi ọrùn náà.

ÌTÀN ỌRÙN GÌTÁ NÍ ṢÓKÍ

Gìtá ti wà tipẹ́ kí iná mọ̀nàmọ́ná tó wọ inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàrin 1931 sí 1932, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker gbé gìtá kan jáde tí ó ń fi òòfà gbọ́ ìró okùn irin. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Gibson, tí ó wà ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan nígbà náà, ṣe èyí tí wọ́n pè ní ES-150. Irú rẹ̀ ni Charlie Christian ń lù nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman ní 1939, tí ó sì fi han gbogbo ayé pé gìtá lè jáde síwájú kí ó sọ tẹnu rẹ̀ bíi fèrè.

Lẹ́yìn náà ni Leo Fender, ní ìlú Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, mú odindi pákó tí kò ní ihò ìró nínú, ó sì fi ṣe ara gìtá. Ní 1950 ni ó gbé èyí tí ó pè ní Broadcaster jáde. Ní 1951 ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Telecaster. Gibson fèsì ní 1952 pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi orúkọ Les Paul, gbajúmọ̀ olórin, pè. Ní 1954, Fender gbé Stratocaster jáde. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ gìtá oníná tí ó wà ní ọjà ni ó jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn wọ̀nyí.

Kí ni ìtàn yìí ní í ṣe pẹ̀lú ọrùn? Ó ní púpọ̀ í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Okùn irin mẹ́fà tí a fà le koko máa ń fa ọrùn síwájú lọ́sàn-án lóru. Nígbà tí ó jẹ́ pé igi nìkan ni ó ń ru ẹrù yìí, igi náà ní láti nípọn. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Gibson gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ wọn kan, Thaddeus McHugh. Irin gbọọrọ kan ni, tí a tì bọ inú ọrùn, tí a sì lè fi kọ́kọ́rọ́ yí kí ọrùn má baà tẹ̀. Nígbà tí irin bá igi ru ẹrù, igi lè fẹ́lẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí ó ṣeé ṣe fún oníṣẹ́ láti bi ara rẹ̀ pé: irú ọrùn wo ni yóò tu ọwọ́ lára? Kí ó tó di ìgbà náà, ìbéèrè tí ó gba iwájú ni pé: irú ọrùn wo ni kò ní tẹ̀?

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Àyìndé Bákàrè ni a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú, ní nǹkan bí 1949. Lẹ́yìn rẹ̀ ni I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé dé. Ẹ jẹ́ kí a rántí irú iṣẹ́ tí gìtá ń ṣe nínú orin wọ̀nyí. Òde àríyá lè bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ kí ó má parí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láàrin gbogbo wákàtí yìí, ẹni tí ń lu gìtá atẹ̀lé lè máa tún ọ̀rọ̀ orin kúkúrú kan náà sọ, láìyẹsẹ̀, bí olórin ti ń ki olówó kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè fi ọ̀rọ̀ ọrùn gìtá ṣeré. Ohun tí ó dùn mọ́ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ìsọ̀ lè di ìyà ní aago mẹ́ta òru.

Ẹ̀YÌN ỌRÙN: ÌTUMỌ̀ LẸ́TÀ

Ọrùn gìtá ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ojú ni a fi ìka tẹ okùn sí. Ẹ̀yìn ni àtàńpàkò àti àtẹ́lẹwọ́ ń fara tì. Ẹ̀yìn yìí ni lẹ́tà ń ṣàpèjúwe. Bí a bá fi ayùn gé ọrùn dábùú, tí a sì wo ibi tí a gé, a ó rí ìrísí kan. Mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí a fi ń pè é.

C ni ó pọ̀ jù lọ lóde òní. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, kò ní góńgó, kò sì tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó gbà á, ìdí sì nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀.

D ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀, tí ó sì sábà máa ń fẹ́lẹ́. Ó dára fún ẹni tí ó ń sáré lórí okùn, tí àtàńpàkò rẹ̀ kì í kúrò ní àárín ẹ̀yìn ọrùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Ibanez ti ilẹ̀ Japan sọ irú ọrùn pẹlẹbẹ báyìí di olókìkí. Ìnípọn wọn kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 17 sí 19 lọ ní ẹ̀gbẹ́ orí.

U ni èyí tí èjìká rẹ̀ kún, tí ó sì jìn. Ó máa ń kún ọwọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ gùn lè rí ìsinmi nínú rẹ̀.

V ni èyí tí ó ní góńgó ní àárín ẹ̀yìn. Ọ̀kan wà tí góńgó rẹ̀ rọ̀, òmíràn sì wà tí góńgó rẹ̀ mú. Ẹni tí ó ń gbé àtàńpàkò kọjá lókè ọrùn ni ó sábà máa ń yìn ín, nítorí pé góńgó yẹn wọ inú kòtò tí ó wà láàrin àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ wa. Àfiwé máa ń yan àbùdá kan, yóò sì fi àbùdá yòókù sílẹ̀. Bí a bá ní ọkùnrin kan jẹ́ kìnnìún, a kò sọ pé ó ní irù. Bákan náà ni lẹ́tà C sọ fún wa pé ẹ̀yìn ọrùn rí roboto. Kò sọ bí ó ti nípọn tó. Ọrùn méjì lè jẹ́ C, kí ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 20, kí èkejì sì tó 24. Lójú, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ní ọwọ́, wọ́n dà bí igi méjì tí kò bá ara wọn tan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ C kò tíì sọ ju ìlàjì ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Àmì kan náà sì lè ní ìtumọ̀ méjì. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Fender máa ń tẹ lẹ́tà A, B, C tàbí D sí gìgísẹ̀ ọrùn. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀yìn ọrùn. Ìbú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí ni wọ́n dúró fún: A jẹ́ íǹṣì 1½, B jẹ́ 1⅝, C jẹ́ 1¾, D sì jẹ́ 1⅞. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí C lára ọrùn àtijọ́, tí ó sì kà á bí ìwé títà ti òde òní ti ń lò ó, yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Bí a ti í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ewì pé kí ó bèèrè ìgbà tí a kọ ọ̀rọ̀ kan kí ó tó túmọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bèèrè ọdún tí a ṣe ọrùn kí a tó ka lẹ́tà rẹ̀.

Orúkọ gìtá pàápàá kò tó. Àwọn ọrùn Les Paul tí a ṣe ní 1959 nípọn ju àwọn tí a ṣe ní 1960 lọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ Stratocaster àárín àwọn ọdún 1950 ní góńgó V lẹ́yìn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kò ní in. Ẹni tí ó ra orúkọ lè máà ra ohun tí ó rò pé òun rà.

OJÚ ỌRÙN, ÌBÚ RẸ̀ ÀTI GÍGÙN RẸ̀

Bí ẹ̀yìn ti ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Ojú ọrùn gìtá oníná kì í sábà tẹ́jú pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ẹni pé a là á lára ìlù gbọọrọ kan. Bí ìlù náà bá kéré, èèpo tí a là lára rẹ̀ yóò tẹ̀ kọrọdọ. Bí ìlù náà bá tóbi, èèpo náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Nínú gìtá Fender àtijọ́, láti àárín irú ìlù bẹ́ẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7¼. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní, ó jẹ́ 9½. Nínú ti Gibson, ó jẹ́ 12. Ojú tí ó tẹ̀ dáadáa máa ń bá ìka mu nígbà tí a bá fi ìka kan ṣoṣo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n bí a bá fa okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, pàápàá bí okùn bá sún mọ́ ojú ọrùn púpọ̀, ohùn náà lè kú lójijì. Ojú tí ó tẹ́jú kì í sábà ní wàhálà yẹn. Àwọn oníṣẹ́ kan ti wá ń ṣe ojú tí ó tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí, tí ó sì ń tẹ́jú bí ó ti ń sún mọ́ ara.

Ìbú ni ó kàn. Níbi tí orí ti pàdé ọrùn, ìbú ọ̀pọ̀ gìtá oníná wà láàrin mìlímítà 42 sí 43. Ti gìtá onílọ́rà, èyí tí wọ́n fi ń lu orin àtijọ́ ti Yúróòpù, tó 52. Mìlímítà kan dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́fà ni ó ń pín àyè yìí. Ẹni tí orí ìka rẹ̀ fẹ̀ lè máa fi ìka kan pa ohùn okùn méjì láìmọ̀ọ́mọ̀.

Gígùn ni ó gbẹ̀yìn. Láti ibi tí orí ti pàdé ọrùn títí dé afárá tí okùn sùn lé lórí ara gìtá, okùn Fender gùn tó íǹṣì 25½, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 648. Ti Gibson jẹ́ nǹkan bí 24¾, ìyẹn 628. Èyí tí ó kúrú mú kí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ojú ọrùn sún mọ́ ara wọn díẹ̀, ó sì mú kí okùn kan náà rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, tí a sì ń sọ fún pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè lu gìtá, yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé èyí tí ó kúrú wò kí ó tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

ÌKA KÒ DỌ́GBA

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A sábà máa ń túmọ̀ òwe yìí sí ìrànlọ́wọ́ tí tọmọdé tàgbà ń ṣe fún ara wọn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bí a ti sọ ọ́. Òwe náà kò bú ọwọ́ ọmọdé pé ó kúrú. Kò sì bú ti àgbà pé ó tóbi. Ohun tí ó sọ ni pé ohun kan wà tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá mu, ohun kan sì wà tí kò bá mu. Ọmọ onílù kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyáàlù. Ìlù kékeré ni a máa ń kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ léjìká. Àgbẹ̀ kì í gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á láìfi ọwọ́ di ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ mú kí ó fì í wò. Kí ni ó dé tí a ó fi wá sọ fún ẹni tí ń kọ́ gìtá pé kí ó fara da ohunkóhun tí a bá gbé fún un?

Ẹ̀rí wà nínú ìtàn àwọn olórin ńlá. Ní 1965, nígbà tí Tony Iommi, ará Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ọdún 17, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin kan gé orí ìka rẹ̀ méjì ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ni; ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an ni ó fi ń tẹ okùn. Kò fi gìtá sílẹ̀. Ó yọ́ ike ìgò, ó mọ ọ́n bí fìlà fún ìka méjèèjì, ó sì wá okùn tí ó fẹ́lẹ́ tí kò ní máa dùn ún. Ní 1968, ó wà nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ tí ó di Black Sabbath sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó yí gìtá padà kí ó lè bá ọwọ́ tí ó kù sí i lára mu.

Eric Clapton ní tirẹ̀ ra àwọn Stratocaster àtijọ́ mélòó kan ní Nashville ní 1970. Ó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní díẹ̀, ó sì mú ohun tí ó dára jù lára mẹ́ta nínú èyí tí ó kù, ó tò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ọrùn tí ó ní góńgó V ni ó wà lára gìtá yìí. Ó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì tà á ní gbàǹjo ní 2004 fún dọ́là 959,500. Kí ìtò yìí tó lè ṣeé ṣe, ó ní láti jẹ́ pé ọrùn Fender ṣeé tú: ìdè onírin mẹ́rin ni a fi ń dè é mọ́ ara, bí ẹni pa ẹ̀rúkọ́ dà. Ọrùn Les Paul kò rí bẹ́ẹ̀; àtè ni a fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Ẹni tí ọrùn bá sú nínú irú gìtá yìí yóò ta gbogbo rẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé ọwọ́ kékeré ni ó ni ọrùn tín-ín-rín, ọwọ́ ńlá ni ó sì ni ọrùn tí ó nípọn. Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Bí ọrùn bá fẹ́lẹ́ jù, àtàńpàkò lè máa fún un mọ́ra ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé kò rí ohun tí yóò kún àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀pọ̀ olórin ni ó sọ pé ọrùn tí ó kún díẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọwọ́ àwọn sinmi. Ibi tí àtàńpàkò ń gbé ṣe pàtàkì ju bí ọwọ́ ti tóbi tó lọ. Jimi Hendrix máa ń gbé àtàńpàkò kọjá lókè ọrùn láti fi tẹ okùn tí ó nípọn jù. Ẹni tí ó bá ń lù báyìí àti ẹni tí àtàńpàkò rẹ̀ dúró sí àárín ẹ̀yìn kò lè fẹ́ ọrùn kan náà, bí ọwọ́ wọn tilẹ̀ dọ́gba.

BÍ A TI Í DÁN ỌRÙN WÒ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ìsọ̀. Àwọn ìbéèrè tí ọwọ́ yóò bi ọrùn nìyí.

Èkíní, kí a má ṣe kọ́kọ́ tan iná. Ohùn tí ẹ̀rọ ń gbé jáde máa ń tan etí jẹ, etí a sì tan ọwọ́ jẹ. Kí a gbé gìtá lé itan, kí a di ojú, kí a sì máa fi ọwọ́ rìn lórí ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ orí títí dé ìdí rẹ̀. Ìnípọn ọrùn sábà máa ń pọ̀ sí i bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kí a mọ̀ bóyá ọwọ́ fara mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀.

Èkejì, kí a fi ìka ìfábẹ̀là tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ẹ̀gbẹ́ orí, kí a sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ ti máa ń hàn. Bí ìdí àtàńpàkò bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ àṣekú láìpẹ́, ọrùn náà ti dáhùn.

Ẹ̀kẹta, kí a dìde. Kí a so gìtá mọ́ ọrùn bí a ó ti gbé e lórí ìtàgé tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgúnwà ọrùn-ọwọ́ ẹni tí ó jókòó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó dúró. Orin púpọ̀ ni a sì ń dúró lù.

Ẹ̀kẹrin, kí a lu orin tí a mọ̀, kí ó sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ń tajà lè máa wo ojú wa. Kí a jẹ́ kí ó máa wò. Ìṣẹ́jú kan kò lè sọ ohun tí òru kan yóò bèèrè.

Ẹ̀karùn-ún, kí a fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, yóò sì sún kì. Irin kì í sún kì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni orí àwọn irin dábùú máa ń yọ síta, tí wọ́n á máa ha ọwọ́. Gìtá tí ó ti òkè òkun dé ní àsìkò òjò lè dán mọ́rán lónìí kí ó di ayùn ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹfà, kí a wo ohun tí a fi kun ẹ̀yìn ọrùn. Fáníìṣì tí ń dán máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tí ó làágùn, òógùn kò sì wọ́n ní ìlú wa. Èyí tí kò dán, tàbí tí a fi epo pa, máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ ra gìtá láti ọ̀nà jíjìn, tí kò sì ní rí i fi ọwọ́ kàn, kò gbọdọ̀ tẹ́wọ́ gba lẹ́tà nìkan. Kí ó kọ́kọ́ wá gìtá ọ̀rẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ràn. Kí ó wọn ìnípọn ọrùn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí àti ní ibi irin dábùú kejìlá, kí ó wọn ìbú rẹ̀ àti gígùn okùn rẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́rin yìí ni kí ó fi bi ẹni tí ń tà.

OHUN TÍ Ó ṢEÉ TÚN ṢE ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ ṢEÉ TÚN ṢE

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀sùn ọ̀kan kan èkejì. Bí okùn bá ga jù sí ojú ọrùn, ọwọ́ yóò dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ìrísí ọrùn kọ́. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ lè sọ okùn náà kalẹ̀. Bí okùn bá nípọn jù, a lè pa á dà sí èyí tí ó fẹ́lẹ́. Bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú, a lè yí irin inú rẹ̀. Bí orí irin bá ń ha ọwọ́, a lè fi ayùn irin rẹ́ ẹ. Bí fáníìṣì bá ń lẹ̀, a lè rọra fi bébà ìyarí tí ó kúnná pa dídán rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí kò gba owó púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ìnípọn ọrùn, ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gígùn okùn rẹ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Irin inú ọrùn kò lè sọ U di C. Bí a bá ní kí a fá igi ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, a kò lè lẹ̀ ẹ́ padà, a sì lè fá a dé ibi tí irin wà. Nítorí náà, ohun tí kò ṣeé yí padà ni kí a fi yan gìtá. Kí a má ṣe kọ ọrùn rere sílẹ̀ nítorí okùn tí ó ga, kí a má sì ṣe gba ọrùn búburú nítorí pé ẹni tí ń tà á ti sọ okùn rẹ̀ kalẹ̀ dáadáa.

Bákan náà ni kí a ya ìrora méjì sọ́tọ̀. Orí ìka ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá máa ń ta á. Awọ ibẹ̀ yóò le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora náà yóò sì lọ. Ìyẹn ni owó ẹnu-ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọrùn-ọwọ́ tàbí ìdí àtàńpàkò ni ó ń dùn, tàbí bí ìka bá ń kú tipiri, owó ẹnu-ọ̀nà kọ́ nìyẹn. Ìkìlọ̀ ni. Kí a gbé gìtá sílẹ̀, kí a sinmi, kí a sì lọ rí dókítà bí kò bá lọ. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé kí ó máa lù ú lọ, pé ara ìyà tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ni, kò ṣe ọmọ náà lóore.

ÌGÚNLẸ̀

Alága, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti sọ pé ẹ̀yìn ọrùn ní ìrísí, pé lẹ́tà tí a fi ń pè é jẹ́ àfiwé, pé àfiwé kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Mo ti sọ pé ojú ọrùn, ìbú rẹ̀ àti gígùn okùn ń bá ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo ti sọ ohun tí a lè tún ṣe àti èyí tí a kò lè tún ṣe. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nídìí rẹ̀: tàbí kí a tẹ ọwọ́ ba fún ohun èlò, tàbí kí a wá ohun èlò tí ó mọ̀ pé ọwọ́ wà.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ ra gìtá fún ọmọ yín, kí ẹ mú ọmọ náà dání lọ sí ìsọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ má ṣe ra gìtá kan ṣoṣo kí ẹ sì retí pé kí ọwọ́ mẹ́wàá bá a mu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti gbé gìtá yín sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé ọwọ́ yín kò gbà á, ẹ lọ gbé ti ẹlòmíràn wò kí ẹ tó dá ara yín lẹ́jọ́.